Tàdáwà Tí Mo Fi So Yín Pọ̀

Jikpan, Mínà,
Oṣù Kẹjọ, ọdún 1961.

Àbdùlgàfárù ọmọ mi,

Ìwọ tí o ń jẹun ní Kánò tí ẹnu mi ń dùn níbí, mo kí ọ, ìyá rẹ kí ọ, ewúrẹ́ rẹ tó bí ìbejì náà kí ọ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọ̀nà tó gbé ọ lọ dí mọ́ ọ. Ara wa le. Òjò pọ̀, ẹ̀yìnkùlé wa ti di àbàtà, ṣùgbọ́n fìlà ń tà, madalla, a dúpẹ́.

Lẹ́tà rẹ bà mí nínú jẹ́. O ní owó oṣù rẹ kò burú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò wù ọ́ ṣe mọ́, pé bí oṣù yìí bá parí, o máa kọ ọ́ sílẹ̀. O ní ó ti pé oṣù mẹ́fà tí o ti kọ̀wé pé òjò ń wọ àpò ẹ̀pà nínú ilé ìkẹ́rùsí yín, o sì mọ bí a ṣe lè tún un ṣe, ẹnikẹ́ni kò dá ọ lóhùn. O wá fi àwòrán bí wọ́n ṣe to gbogbo yín níbi iṣẹ́ ránṣẹ́, kí n fojú ara mi rí i.

Mo wò ó láti òwúrọ̀ títí di Àlàásárì. Mo rí i pé ìran ni wọ́n yà: bàbá àgbà kan wà lókè, ó bí mẹ́ta, àwọn yẹn náà bímọ, títí ó fi kan ìwọ nísàlẹ̀ pátápátá. Ohun tó dùn mí ni pé okùn wà láti ọ̀dọ̀ olúkúlùkù lọ sókè, ṣùgbọ́n kò sí okùn kankan láàárín ìwọ àti Bẹ̀llò tí ẹ jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín. Mo sọ fún ìyá rẹ pé àwọn ọmọ yìí ń jà. Ògúnrìndé aládùúgbò wa, tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé, ní kì í ṣe ìjà, pé ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ yóò sọ fún ẹni tó wà lórí rẹ̀, onítọ̀hún yóò sọ fún ẹni tó wà lórí tirẹ̀. Mo ní bí ọ̀kan nínú wọn bá sùn ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tó bá gba ẹnu márùn-ún kọjá, ṣé yóò ku iyọ̀ nínú rẹ̀?

Ní ìsọ̀ wa, orí ẹní kan náà la jọ ń jókòó. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ nígbà tí o sọ fún mi pé ọwọ́ abẹ́rẹ́ mi wọ́, mo sì tú fìlà náà. Láti ọjọ́ yẹn lo ti ń dé ibi iṣẹ́ ṣáájú mi.

Nítorí náà mo mú tàdáwà tí mo fi ń kọ wàláà. Mo fa okùn láti ọ̀dọ̀ rẹ sí Bẹ̀llò, mo so gbogbo yín pọ̀, mo sì fa ọ̀kan gbọọrọ láti ọ̀dọ̀ rẹ lọ tààrà sọ́dọ̀ bàbá tó wà lókè. Ògúnrìndé bá mi kọ lẹ́tà tì í, pé kí ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ kó parí ìjà, kó sì gbọ́ ti òjò. Mo fi àwọn méjèèjì ránṣẹ́ sí bàbá òkè náà gan-an. Má bínú.

Èsì rẹ̀ dé lánàá, ọjọ́ mọ́kànlá péré. Àṣé Òyìnbó ni bàbá òkè yín! Ó ní òun kò gbọ́ ọ̀rọ̀ òjò náà rí, àfi lẹ́nu mi. Ó ní òun yóò sọ̀kalẹ̀ wá bá ọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí o mú òun lọ wo àwọn àpò náà. Dé fìlà tí mo rán fún ọ, kí o sì mú Bẹ̀llò dání. Má tíì kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì lé ọ nítorí tèmi, ààyè rẹ lórí ẹní ṣì ṣófo, ẹnì kankan kò jókòó síbẹ̀ láti ọjọ́ tí o ti lọ.

Jọ̀wọ́, fi ṣílè márùn-ún ránṣẹ́. Tàdáwà mi ti tán, Ògúnrìndé sì ti gbé àwòrán ibi iṣẹ́ tirẹ̀ wá, ó gùn ju tiyín lọ.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ máa dé ibi tí o bá rán an. Àmín.

Èmi bàbá rẹ,
Àbdùlbáàkí Aránfìlà.