Aulis, Iyàn Irin Ìfúnpọ̀ Yẹn Ti Parí

Ọdún márùn-ún pé géérégé lónìí, Aulis, tí wọ́n bá lọ́rì gẹdú rẹ lójú ọ̀nà igbó, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń kù, tí ìwọ sì fẹ̀yìn ti táyà bí ẹni tó ń sinmi. Wọ́n ní ọkàn ló dáwọ́ dúró. Ọkàn! Nínú ara yìí kan náà tó ń gbé igba kílò ó lé àádọ́rin kúrò nílẹ̀!

Èmi Helvi, ẹ̀gbọ́n rẹ, ni wọ́n ní kí n bá gbogbo ẹbí kọ ọ̀rọ̀ ọdún yìí. Èmi tí mo pọ̀n ọ́ lórí yìnyín adágún lọ sí ilé ìwé nígbà tí bàtà rẹ já. Èmi ló yẹ kí n ṣáájú. O kò dúró, àbúrò mi. O gba iwájú mi kọjá.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ. Irma ọmọ rẹ ti bímọ obìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́ta, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun wọ bàtà. Ta ló jọ bí kò ṣe ìwọ? Ilé ìwẹ̀ olóoru tí o fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ létí omi, a ti kọ́ ọ parí. Tuomo àna rẹ ló kan òrùlé rẹ̀. Ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò jò. Abà màlúù àtijọ́ tí o sọ di ilé ìgbérin, níbi tí wọ́n ti ń gbé irin wúwo, ṣì ń ṣí ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, èèyàn mẹ́jọ sì ń wá. Kò sí ẹni tó gbé ìwọ̀n tìrẹ nínú wọn. Kò tíì sí!

Inú abà yẹn náà ni ìwọ àti Tuomo, àbúrò Raija ìyàwó rẹ, ti jiyàn fún ọdún mẹ́rìndínlógún lórí irin ìfúnpọ̀. Irin kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì! Súpíríǹgì ló so orí rẹ̀ pọ̀, èèyàn á sì fi ọwọ́ kan ṣoṣo fún un títí ẹsẹ̀ méjèèjì yóò fi kanra. Tuomo apínlẹ́tà, tí apá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìpẹja, ń fún èyí tó le jù pa dé. Ìwọ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ tó abẹ́bẹ̀, o fún un, ojú rẹ pọ́n, iṣan ọrùn rẹ yọ, irin kò pa dé. Ó dùn ọ́ dé egungun.

“Ọwọ́ tó ń gbé irin ńlá nílẹ̀, tó ń rọ̀ mọ́ ọ̀pá, kí ni irin kékeré fẹ́ fi hàn án?” ohun tí o máa ń wí nìyẹn. “Agbára kan náà ni! Iṣẹ́ ló ń kọ́ ọwọ́!”

Tuomo á rẹ́rìn-ín. “Àna mi, gbígbé yàtọ̀, fífún yàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fún irin pa dé, irin ni kó máa fún.”

“Lọ síbẹ̀ yẹn, apínlẹ́tà! Ìwọ tí o kò lè gbé àpò ọ̀dùnkún kan!”

Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe títí o fi lọ. Kò sí ẹni tó jàre.

Aulis, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ kí o gbọ́, ṣùgbọ́n ẹbí ni wá. Ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, bí Raija ti ń da kọfí, ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣa á, ọwọ́ kò gbọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ilé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ padà, ẹnu padà, ọwọ́ ọ̀tún ni kò padà dáadáa.

Ṣé o mọ ohun tó dùn ún jù? Kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Raija kò wa mọ́tò rí, ìwọ lo máa ń gbé e. Láti ìgbà tí a ti sin ọ́, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn wá bá ọ ní sàréè rẹ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, kìlómítà mẹ́rin, òun nìkan ṣoṣo. Dókítà wá ní kò gbọ́dọ̀ gùn ún mọ́ àfi tí ọwọ́ rẹ̀ bá lè tẹ bíréèkì, nítorí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì. A bẹ̀rẹ̀ sí í fi mọ́tò gbé e. Á dúró níwájú òkúta rẹ fún ìṣẹ́jú méjì, á nu imú, á ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ.” O mọ̀ ọ́n. Obìnrin yẹn kì í sunkún lójú èèyàn. Ohun tó fẹ́ bá ọ sọ ń dì sínú rẹ̀, a rí i bẹ́ẹ̀, a kò sì mọ ohun tí a lè ṣe.

Àwọn tó ń tọ́jú ọwọ́ rẹ̀ fún un ní irin ìfúnpọ̀, èyí tó rọ̀ jù. Ó gbé e sí ojú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí i.

Tuomo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa fún un, ẹ jọ̀ọ́.”

“Mi ò fún un! Aulis ní iṣẹ́ ló ń kọ́ ọwọ́. Iṣẹ́ ni n ó ṣe.”

“Aulis ti kú, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ṣé torí pé ó kú ni kò fi ní jàre mọ́?”

Irma jáde lọ síta.

Aulis, ìyàwó rẹ ṣiṣẹ́! Ó po ìyẹ̀fun búrẹ́dì dúdú láràárọ̀. Ó fa omi láti inú adágún. Nígbà tí ooru dé, ó kó gbogbo ẹní aṣọ ilé lọ sí etí omi, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ wọ́n, ó ń fún wọn gbẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń bú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni ń bú ọ̀lẹ ọmọ. Ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan ni Irma ń bẹ̀ ẹ́ kí ó fún irin yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, tí ó sì ń fi rúlà wọn àlàfo tó kù láàárín ẹsẹ̀ irin méjèèjì. Sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ló kọ́kọ́ kù. Ó di mẹ́rin. Ó di mẹ́ta. Nígbà tí oṣù keje ń parí lọ, ó ku méjì, Raija sì wo Tuomo lójú bí ẹni tó jàre ẹjọ́ ní kóòtù.

Ṣùgbọ́n ó dúró síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, sẹ̀ǹtímítà méjì náà ló kù. Ọ̀sẹ̀ kejì, méjì. Ó ti lè gbé garawa omi tó kún dẹ́múdẹ́mú, síbẹ̀ méjì náà ni.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni tó fi gbé kẹ̀kẹ́ jáde ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní oṣù kẹjọ. Ó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó tẹ bíréèkì. Bíréèkì dé ìdajì, kò lọ mọ́. Tuomo tó ń pín lẹ́tà ló rí táyà kan tó ń yí lókè, láàárín igbó èso pupa tó wà nínú kòtò.

“Ẹ̀gbọ́n mi! Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?”

“Èso ni mò ń ká.”

“Pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ lórí yín?”

Ó fà á yọ. Ẹ̀gún họ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n egungun kankan kò ṣẹ́. Ìgbà náà ni Raija wá sunkún, ní gbangba, lójú Tuomo. “Mo lè gbé garawa méjì, Tuomo! Kí ló dé tí mi ò lè tẹ bíréèkì kan? Mo fẹ́ lọ bá ọkọ mi.”

Tuomo jókòó tì í nínú kòtò pẹ̀lú àpò lẹ́tà rẹ̀. Ó ní, “Bí ẹ bá gbé garawa, ìka yín kàn ká mọ́ ọn ni, wọn ò rìn. Bíréèkì yìí, irin yẹn náà, ìka ní láti rìn láti òde wọ àárín àtẹ́lẹwọ́, ibi tí agbára wọn ti kéré jù sì ni ìparí ọ̀nà. Iṣẹ́ ti gbé yín dé ìdajì ọ̀nà. Kò lè rin ìyókù fún yín.”

Láti ọjọ́ kejì ló ti gba irin náà. Tuomo ń dúró níwájú ilé láràárọ̀ kó tó lọ pín lẹ́tà. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé e sí ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ òsì ràn án lọ́wọ́ kí ó pa dé, kí ọwọ́ ọ̀tún sì dì í mú níbẹ̀ títí yóò fi gbọ̀n. Ó pẹ́, Aulis. Gbogbo ìgbà òtútù ni. Ọjọ́ kan wà tó jù ú sínú yìnyín, Irma ló lọ wú u. Ní oṣù karùn-ún ọdún yìí, a ń jẹun lọ́wọ́, a gbọ́ “kó!” Ẹsẹ̀ irin méjèèjì ti kanra. Tuomo dìde, ó kígbe bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó!

N kò ní tan ọ́ jẹ. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Tuomo lọ sí abà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé irin ńlá rẹ. Ọwọ́ tó ń fún irin tó le jù pa dé! Irin ńlá kò mì. Ó jókòó lé e, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. “Àna mi, ẹ ò parọ́,” ó ní. “Bí kì í bá ṣe iṣẹ́ ìgbà ooru yẹn, ọwọ́ wo ni irin ìbá rí kọ́?”

Raija wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́. Ó ní, “Má sọ fún un pé ìwọ lo jàre jù.”

“Fún ta ni?”

“Fún Aulis. Èmi ni n ó sọ fún un pé ìwọ àti òun lẹ jọ jàre.”

Ó ti sọ fún ọ láàárọ̀ yìí. Dókítà gbà, ewé igi ti pọ́n, ojú ọ̀nà sì gbẹ, ó bá gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ bá ọ. A tò sí ojú fèrèsé bí ọmọdé. Tuomo fẹ́ tẹ̀ lé e, mo di àpò rẹ̀ mú. Ó tó wákàtí méjì àbọ̀ kó tó dé. Ojú rẹ̀ wú, imú rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ bí ara ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ní bíréèkì mú. Ó ní koríko ti hù bo orúkọ rẹ, òun sì ti tu ú. Ìyókù ọ̀rọ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ni ín, a kò bi í.

Àbúrò mi, bí ọdún bá gun ọdún, àyè rẹ kò dí. A ń rẹ́rìn-ín nílé yìí, a ń jẹun, a ń jiyàn, síbẹ̀ kò sí ọjọ́ kan tí ẹnìkan kì í wí pé, “Bí Aulis bá wà níbí ni!” A fẹ́ràn rẹ, Aulis. A fẹ́ràn rẹ lánàá, a fẹ́ràn rẹ lónìí. Sinmi, ọmọ ìyá mi. Ìyàwó rẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú.