Etí Tí Túnmiṣe Mọ̀

Ilé Ajíbádé,
Ìpótì-Èkìtì.

Adérìnsọ́lá ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí bàbá Túnmiṣe, mo kí Túnmiṣe fúnra rẹ̀, mo sì kí àwọn tó ń gbé lókè yín tí o ní ariwo wọn kì í jẹ́ kí ẹ sùn, nítorí aládùúgbò ni aládùúgbò ń jẹ́. Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà? Mo mọ̀ pé dáadáa lẹ wà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Mo ní kó wá kọ tirẹ̀ síbí, ó ní awò ojú òun wà lóko.

Kòkó ọdún yìí ṣe dáadáa, ó ń gbẹ lójúde báyìí. Ewúrẹ́ Ìyá Àánú, ìyàwó Bọ́láwálé àbúrò bàbá rẹ, ti bí ìbejì, àwọn ọmọ wọn sì ti sọ ọ̀kan ní Mátíù, wọ́n sọ èkejì ní Máàkù. Àlùfáà ò tíì gbọ́.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n mú gègé dípò kí n pè ọ́, ọ̀rọ̀ fóònù náà ni, n ò sì lè fi ẹjọ́ fóònù sun fóònù. O mọ̀ pé láti ìgbà tí o ti rà á fún mi, ó máa ń dún lọ́nà ọ̀tọ̀ bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ ìsinmi. Ìyá Àánú á bá mi tẹ̀ ẹ́, á bá tirẹ̀ lọ, èmi á sì gbé e lé etí òsì, nítorí etí la fi ń gbọ́ràn. Túnmiṣe á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé etí, etí! Inú mi á dùn, mo rò pé wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ẹ̀yà ara níléèwé, èmi náà á dáhùn pé imú. Á tún ní etí, mo ní ẹnu, mo ní àgbọ̀n. Mo tiẹ̀ ti gbàdúrà fún tíṣà rẹ̀ ní ìpàdé àwọn ìyá. Ìwọ náà á ní màámi, ẹ jẹ́ ká rí ojú yín. Mo rò pé àárò mi ló ń sọ ọ́, mo ní ojú tiyín náà ń wù mí í rí, ọ̀nà ò kúkú dí, ẹ máa bọ̀ wálé.

Ìgbà tí o wá fi àwòrán tí Túnmiṣe yà ránṣẹ́ sí fóònù Ìyá Àánú, pé tíṣà ní kí kálukú ya ìyá àgbà rẹ̀, mo wò ó títí, mo ní bóyá olú ni. Ìyá Àánú ló rí yẹtí lára rẹ̀. Ó ní Màmá, ẹ̀yin rèé, etí yín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí kòkó tí a sá. Ìgbà yẹn ló ṣàlàyé fún mi pé bó bá ti dún báyẹn, ojú là á kọ sí i, pé gbogbo ìgbà ni Túnmiṣe ń wò mí, etí nìkan ló sì ń rí.

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ tán, mo sunkún. Èmi tí mo wẹ̀ fún ọmọ yìí nígbà tí ẹ bí i, tí mo fi òrí pa á lára, ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ kì í rántí. Láti ìgbà náà, Kérésì kan, ẹ ní iṣẹ́ ò gbà. Èyí tó tẹ̀ lé e, owó ọkọ̀ ti wọ́n. Èyí tó kọjá, Túnmiṣe ń wúkọ́. Ọmọ ọmọ mi, tó bá pàdé mi lọ́nà, á kọjá lára mi ni, àfi tí mo bá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àárò ìgbà tí ilé yìí kún ń sọ mí. Ìwọ àti àwọn ọmọ mọ̀lẹ́bí, orí ẹní kan náà lẹ ń sùn, inú abọ́ kan náà lẹ ti ń jẹun, ìyà kì í dá jẹ ẹnì kan nítorí gbogbo yín lẹ máa ń sunkún. Ìwọ ní tìrẹ, o kì í sùn lẹ́yìn ìyá mi àfi tí o bá di etí rẹ̀ mú. O fà á títí ó fi bọ́ yẹtí, ó ní kò sí wúrà tó tó ọwọ́ ọmọ òun. Kò wọ̀ ọ́ mọ́ títí o fi bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Lọ́jọ́ tí a tẹ́ ẹ sínú pósí, gbogbo ènìyàn ń wo ojú rẹ̀, ìwọ na ọwọ́, o fi kan etí rẹ̀. Yẹtí rẹ̀ náà ni mo wọ̀ yìí, òun ni Túnmiṣe yà.

Nítorí náà, fóònù ńlá tí o ní o fẹ́ rà fún mi, kí n lè máa rí yín dáadáa, jọ̀wọ́ má rà á. Bí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà, Túnmiṣe ò lè gba ibẹ̀ wọlé. Owó rẹ̀ ni kí ẹ fi wọ mọ́tò wá, kí ọmọ náà gbọ́ bí a ṣe ń pe ilé ní ulé kí tíṣà Èkó tó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo fẹ́ pọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n Ìyá Àánú ní ọmọ ọdún mẹ́rin ti kúrò lẹ́ni tí à ń pọ̀n. Mo ní kó gbé Ọládọ̀tun rẹ̀ wá, tí òun náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, mo pọ̀n ọ́n yí ilé ká. Eegun ẹ̀yìn mi dún díẹ̀, àmọ́ ó gbé e. Ọdún yìí ó ṣì ṣeé ṣe. Lọ́dún tó ń bọ̀, yálà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa wọ́lẹ̀, tàbí kí ẹ̀yìn mi kọ̀.

Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù, bá mi ra ọ̀já tuntun, eku ti jẹ tèmi. Fi díẹ̀ kún un fún oògùn ẹsẹ̀ bàbá rẹ, àti ti ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ìdílé wa ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè jáde.

Ọlọ́run á dá yín sí fún ara yín. Bí o ṣe na ọwọ́ kan ìyá mi, ọmọ rẹ á na ọwọ́ kàn mí nígbà tí mo ṣì lè mọ̀ ọ́n lára. Túnmiṣe á pọ̀n ọmọ ọmọ tirẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Deborah Ajíbádé.

Mo tún rántí: mo ti bọ́ yẹtí ọ̀tún sílẹ̀ de ọwọ́ Túnmiṣe. Ti òsì ni n ò tíì bọ́, kó lè fi dá mi mọ̀ tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò.