Àgbàdo tí mo fún màálù dúdú

Ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀rù ń bà mí. Láàárọ̀, ní oko tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ẹran, àánú màálù dúdú tó lóyún yẹn ṣe mí. Koríko gbígbẹ nìkan ló wà níwájú ẹ̀, mo sì rò pé ìyà ni. Mo kó koríko náà kúrò, mo da àgbàdo lílọ̀ kún ọpọ́n ẹ̀, bí a ṣe ń ṣe àlejò nílé wa.

Nígbà tó di ọ̀sán, kò jẹ àpọ̀jẹ mọ́, kò dá oúnjẹ padà sẹ́nu láti tún un rún. Ikùn ẹ̀ wú.

Alàgbà Délé, tó ni oko, sáré dé. "Ta ló fún un lágbàdo?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé àlejò màmá ẹ ni? Fáíbà, okùn líle inú koríko, ló ń mú un jẹ àpọ̀jẹ. Itọ́ tó ń gbé mì níbi àpọ̀jẹ yẹn ni kì í jẹ́ kí ṣàkì ẹ̀ kan. Ìwọ wá sọ ọ́ di ìkòkò ògì!"

Mo mà kà á nínú ìwé ẹ̀kọ́ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bóyá ẹ̀kọ́ yìí kọ́ ló yẹ kí n...

Dókítà ẹran ti fún un lóògùn. Ó ní tí kò bá jẹ àpọ̀jẹ títí ilẹ̀ á fi mọ́, màálù náà àti ọmọ inú ẹ̀ lè kú. Mi ò tíì sọ fún Mọ́mì, wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù.

Mo ti kó koríko padà síwájú ẹ̀. Ó fa ẹyọ kan. Koríko náà ṣì so rọ̀ lẹ́nu ẹ̀, kò jẹ ẹ́.