Ogójì Káàdì Láti Abúlé Wa

Kiyotaka ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun gidi ní Tókíò níbẹ̀, àbí nudù inú ife ni títí di òní? Kí òtútù má ṣe mú ọ, kí ọwọ́ tí o fi ń yàwòrán má ṣe rọ. Yìnyín ti kúrò lórí òrùlé wa, àfi èyí tó wà lẹ́yìn ilé níbi tí oòrùn kì í dé. Bàbá rẹ ń kí ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti san, ó ti ń fọ́n irúgbìn ìrẹsì sínú páànù, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi.

A rí lẹ́tà rẹ gbà, èyí tí o fi sọ pé ìtàn aláwòrán rẹ wà ní ipò kejìdínlógún nínú ogún tó wà nínú ìwé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ yín, àti pé bí káàdì tí àwọn òǹkàwé fi ń dìbò kò bá gbé e sókè kí oṣù yìí tó parí, wọn yóò dá a dúró. Bàbá rẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó pa tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a lọ ra ìwé náà ní ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ àgbẹ̀, a sì ka ìtàn rẹ tán.

Mo ní ìbéèrè díẹ̀, má bínú. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Natsuo tí o fi sínú àyà Ganzō, ẹ̀rọ irin tó ga ju òkè ẹ̀yìn ilé ìwé wa lọ. Ta ló fún un láṣẹ láti wà á? Ọdún méjì gbáko ni bàbá rẹ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa katakata, síbẹ̀ ó wà á sínú kòtò. Mo tún rí i pé aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ọ̀tá dé, bẹ́ẹ̀ aago márùn-ún ni orin máa ń dún lórí gbohùngbohùn ìlú pé kí àwọn ọmọdé máa lọ sílé. Ṣé ìlú tiwọn kò ní gbohùngbohùn ni, àbí ọmọ náà gbọ́, ó kọ etí ikún sí i? Ìyá àgbà Sugawara, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, ní àwọn ṣọ́jà ìlú yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n gba ìsinmi ni, torí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹsẹ̀ Ganzō ló dun bàbá rẹ ní tirẹ̀. Ó tẹ oko ìrẹsì mẹ́rin mọ́lẹ̀ lójú ewé kan ṣoṣo, nínú oṣù kẹfà, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ín tán, kò sì sí ẹni tó lọ bẹ olóko. Jọ̀ọ́, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, jẹ́ kí Natsuo gbé páálí ìpápánu kan lọ sílé wọn, kó tẹrí ba dáadáa.

Ọ̀rọ̀ káàdì gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Bàbá rẹ ní kí ṣọ́ọ̀bù bá òun béèrè ogójì ìwé sí i, kó di mọ́kànlélógójì, kí ilé kọ̀ọ̀kan lábúlé ní ọ̀kan, torí káàdì kan ló wà nínú ìwé kan. A pé sí gbọ̀ngàn abúlé lọ́jọ́ Àìkú, a mu tíì. Ọ̀gbẹ́ni Hatakeyama, olórí abúlé, dìde, ó ní kí á ṣọ́ra o, pé ará Tókíò ni àwọn tó máa kà á, bí a bá sì yin ọmọ tiwa níwájú àlejò, wọn yóò ní a kò lẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo wa ní bẹ́ẹ̀ ni. Níbi tí wọ́n ti bi wá pé ìtàn mẹ́ta wo ló dùn jù, a kọ ti alásè, ti agbábọ́ọ̀lù àti ti ológbò. Níbi tí wọ́n ti bi wá pé èwo ni kò dùn, a kọ tìrẹ, a sì fi kún un pé iṣẹ́ ọmọ wa kò tíì dára tó, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá wa mójú tó o. Ọwọ́ Ìyá àgbà Sugawara ń gbọ̀n, èmi ni mo bá a kọ tirẹ̀. Ó fẹ́ kí n kọ ọ́ pé Ganzō rẹwà, mo ní a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ti bàbá rẹ ló le jù, torí òun ni bàbá.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá rẹ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé náà, Ọ̀gbẹ́ni Iwabuchi, pè wá lórí fóònù. Mo tẹrí ba, mo gbé e. Ó rọra bi mí pé kí ni o ṣe fún abúlé wa, pé láti ọdún méjìlélógún tí òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́, òun kò rí irú ọ̀tá báyìí rí, ogójì káàdì láti ojú kan. Inú mi dùn pé ó ṣàkíyèsí wa. Mo ní kì í ṣe ọ̀tá, àwa la bí ọ. Ó wá ní káàdì ni àwọn ń kà, àwọn kì í ka ẹ̀kọ́ ilé mọ́ ọn, àti pé ipò ogún lo wà báyìí. Ọmọ mi, ó jọ pé a ti ṣe ọ́ níbi. Ó dùn mí gan-an.

Ó tún bi mí pé èmi fúnra mi ńkọ́, báwo ni mo ṣe rí i. Mo bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan wà nílé. Mo ní ó dára. Mo ní ibi tí Natsuo ti gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ irin yẹn, tó bi í pé ṣé ó rẹ̀ ẹ́, pé ó rẹ òun náà, mo sunkún níbẹ̀. Mo tọrọ àforíjì fún àìnítìjú mi. Ó ní òun kò lè ka ọ̀rọ̀ orí fóònù mọ́ káàdì, kí n kọ ọ́ wá.

Bí o bá rí owó díẹ̀, fi ránṣẹ́, òrùlé ibi tí à ń kó ìrẹsì sí ń jò. Bí kò bá sí, kọ́kọ́ jẹun ná.

Ìwé kan ló ṣẹ́ kù, torí bàbá rẹ ka ilé Takizawa mọ́ ọn, ó gbàgbé pé wọ́n ti kó lọ. Káàdì rẹ̀ ló wà nínú àpòòwé yìí. Mo kọ ìtàn tìrẹ sí ìkíní, mo kọ ọ́ sí ìkejì, mo sì kọ ọ́ sí ìkẹta. Mi ò lè fi í ránṣẹ́ láti ibí, torí káàdì kò ní ìdérí, Ọ̀gbẹ́ni Kudō tó ń pín lẹ́tà a sì máa ka gbogbo nǹkan. Bá mi lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, kí o fi í ránṣẹ́ láti ọ̀hún. Má sọ fún bàbá rẹ.

Wàá dàgbà, wàá darúgbó. Kí àwọn tí kì í ṣe ẹbí rẹ máa yìn ọ́, kí àwa lè gbọ́ ọ láìtijú.

Ìyá rẹ,
Fusae