Àwòrán Yín Lẹ́nu Ọ̀nà

Felele, Lọ́kọ́ja

Ìyá mi, òkun o.

Ara mi le. Àwọn onítẹlifíṣọ̀n tó ń bá èèyàn tún búkà tí kò tà mọ́ ṣe ti parí iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Wọ́n kun ògiri, wọ́n gbé àwòrán yín ńlá kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi òdòdó yí i ká. Wọ́n ní ẹkún mi àkọ́kọ́ kò wọni lára, kí n tún un sun. Mo tún un sun. Ohun tí wọ́n ní kí n sọ náà ni mo sọ.

Ẹ bá mi yọ̀, èrò ti ń wọlé. Wọ́n á wo àwòrán yín, wọ́n á ní, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù." Èmi á ní, "Ẹ ṣé."

Bí iná bá wà ní Mọ́pà lọ́jọ́ Sátidé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ óò pẹ́ fún mi, Ìyá.

Ruth yín