Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òsì Bàbá Mi

Bàbá mi dẹ́rẹ́bà,

Okun o. Mo kí yín níbi tí ẹ wà. Gbogbo ilé wà dáadáa, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní Kábà. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dà mí láàmú tí mo fi mú bírò.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni a ó gbé fọ́tò yín kọ́ sí pálọ̀, torí ó pé ọdún mẹ́ta tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Àbúrò mi ti gba férémù ńlá kan wá. Fọ́tò tí wọ́n fẹ́ fi sínú rẹ̀ ti wà lórí tábìlì mi láti ìjẹta, mo wò ó títí, mi ò rí yín níbẹ̀. Oníṣẹ́ fọ́tò ti fi kọ̀ǹpútà na gbogbo awọ ojú yín, ó ń dán bíi ti ọkọ ìyàwó. Èyí tó burú jù ni pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan ló hàn. Mo tú gbogbo àpótí ilé, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún náà ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì yín kò sí nínú fọ́tò kankan, èmi sì ni mo fà á.

Bí wọ́n bá ti gbé kámẹ́rà jáde ni màá di àgbọ̀n yín mú, màá yí ojú yín kí apá ọ̀tún lè kọjú sí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe níbi ìgbéyàwó mi, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe nígbà tí a ń sọ ọmọ mi lórúkọ. Ẹ máa ń jẹ́ kí n yí i, bí ẹni tí wọ́n ń fá irùngbọ̀n fún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn, tó rọ̀ wálẹ̀ ju èkejì lọ, ń tì mí lójú, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.

Kò sẹ́ni tí kò ní àlàyé tirẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin gbà pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, pé ọwọ́ ayé ló fa awọ ojú yín wálẹ̀ lápá kan. Àwọn ará àdúgbò rò pé ebi ni, pé a kì í fún yín lóúnjẹ. Èmi tí mo kàwé, tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, èmi gbà pé ẹ̀gbẹ́ tí ẹ fi ń sùn ló fà á. Mo ra ìrọ̀rí ńlá kan wá láti ọjà Odò-Ẹrẹ̀. Bí mo bá bá yín níbi tí ẹ ti ń sun oorun ọ̀sán lórí ẹní, tí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, màá tì yín títí ẹ ó fi yí sí ọ̀tún. Ẹ kì í lajú. Bí mo bá ti jáde, ẹ ó tún yí padà. Kí ló dé tí ẹ kò lé mi jáde lọ́jọ́ kan?

Ìpara yẹn náà ńkọ́? Ẹni tó tà á fún mi búra pé yóò fa awọ sókè láàárín oṣù kan. Òórùn rẹ̀ dà bíi káńfọ̀, ẹ sì ń fi pa ojú láràárọ̀ torí pé èmi ni mo rà á. Agolo tán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà níbi tó wà. Mo tún ra òmíràn.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ sí ilé ìwòsàn ní Ẹ̀gbẹ̀ nítorí ojú tèmi. Ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ló ń rọ̀. Ẹ̀rù bà mí pé rọpá-rọsẹ̀ ti ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì kan ní kí n rẹ́rìn-ín, ó ní kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá mo ń wa mọ́tò. Ọdún méjìlélógún rèé tí mo ti ń wakọ̀ láti Kábà lọ sí ilé-ìwé mi ní Ìyàrà. Ó ṣàlàyé, ó wá yé mi. Rọpá-rọsẹ̀ kì í fi ogún ọdún rọra bọ̀. Oòrùn ni, èyí tó ń gba fèrèsé dẹ́rẹ́bà wọlé lójoojúmọ́, tí gíláàsì pàápàá kì í dá gbogbo rẹ̀ dúró. Àwa tí a rò pé oòrùn kì í mú awọ dúdú, ó ń mú un, ó kàn ń pẹ́ ni. Ọjọ́ orí ń dẹ awọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, oòrùn wá fi tirẹ̀ kún apá kan. Ìrọ̀rí kò kàn án, ayé kò kàn án, ìpara ọjà kò sì lè fà á padà sókè. Fìlà, aṣọ alápá gígùn àti ìpara tó ń dínà oòrùn lè dáàbò bo ìyókù.

Mo jókòó sínú mọ́tò mi, mo sunkún. Mo rántí ọkọ̀ èrò yín, bí ẹ ṣe máa ń fi mí síwájú lápá ọ̀tún nígbà tí ẹ bá ń gbé mi lọ síléèwé. Ẹ ó rẹ tówẹ́lì sómi, ẹ ó fi bo fèrèsé ẹ̀gbẹ́ mi kí oòrùn má baà pa mí. Tiyín ṣí sílẹ̀, ìgúnpá yín wà lórí rẹ̀. Gbogbo ọdún yẹn, ibòji ni mo wà. Mo dúpẹ́, Bàbá. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ irú rẹ̀.

Mo lọ sí gáréèjì lọ wá fọ́tò ẹ̀gbẹ́ òsì lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ yín. Ọ̀kan rí fọ́tò yín lórí fóònù rẹ̀, ìka ara rẹ̀ ló bo ẹ̀gbẹ́ òsì. Ti ìwé ìwakọ̀ yín ti ṣá, ojú kò hàn mọ́. Ọ̀rọ̀ mi ti sú àwọn àbúrò mi.

Mo ti ní kí oníṣẹ́ fọ́tò dá gbogbo ìlà ọjọ́ ogbó tó nù kúrò lójú yín padà. Láàárọ̀ yìí, nígbà tí mo dúró ní Ìyàrà, mo na ọrùn síta, mo wo dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín wà níbẹ̀. Ó ti rọ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí lára yín. Lọ́jọ́ Sátidé, bí a bá fẹ́ ya fọ́tò, abẹ́ férémù yín ni n óò jókòó sí. N óò yí apá òsì mi síta, kí àwọn ọmọ lè rí yín tán. Kí ẹnikẹ́ni má di àgbọ̀n mi mú.

Èmi ọmọ yín, tí ẹ fi tówẹ́lì bò.