Àṣíborí Tí Kò Fọ́

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú àárò ọmọ. Òkè-Ìlá ní Adó-Èkìtì níbí ni mo ti ń kí yín, orúnkún méjèèjì ni mo sì fi kúnlẹ̀. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ ní mo ní kí wọ́n má gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n jókòó sínú ọyẹ́. Ẹ bá mi kí àwọn ìyálé mi nínú agbo ilé, kí ẹ kí àwọn ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kí àbúrò ọkọ mi, Adúmáadán. Orúkọ tí mo fún un nìyẹn, nítorí pé ó ti wà nínú ilé kí wọ́n tó gbé mi wọlé, n kò sì lè la ẹnu pe orúkọ tí ẹ sọ ọ́. Òun ní tirẹ̀ ti pe orúkọ tèmi fún gbogbo ẹbí gbọ́, kò sì fi "ìyàwó wa" ṣáájú rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rí i bí àfojúdi pé gbangba ni mo ti kọ lẹ́tà yìí. Gbangba ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ mi. Láti ìgbà tí a ti sin ọmọ yín, bàbá Tóyìn, ẹ kò gbé fóònù mi mọ́. Adúmáadán fi ohùn ránṣẹ́ sórí Wásáàpù ẹbí pé àwọn oníìnṣọ́ránsì ti san owó lórí ikú ẹ̀gbọ́n òun, pé mo ti kó o jẹ. Ó ní kí n mú Tóyìn wá sí Ṣakí bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, kí ó máa gbé lọ́dọ̀ yín, kí ọkùnrin mìíràn má baà jẹun lórí owó bàbá ọmọ náà. Ìyá, ó dùn mí dé eegun. Owó kankan kò sí. Wọn kò san ohunkóhun. Mo fẹ́ sọ bó ṣe jẹ́ fún yín, kí ẹ tó gba ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún mi.

Ẹ ó rántí pé àdúgbò Fájuyì, níbí ní Adó, ni bàbá Tóyìn ti ń ṣiṣẹ́, lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ọ̀kadà gbé ẹrù kiri. Bí èèyàn bá ra nǹkan lórí fóònù, òun ni yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ọ̀gá wọn gba ìnṣọ́ránsì fún gbogbo àwọn tó ń gun ọ̀kadà rẹ̀. Bó ṣe yé mi sí, bí ìjàǹbá bá ṣe ẹnì kan nínú wọn, àwọn oníìnṣọ́ránsì yóò san nǹkan fún un, tàbí fún àwọn tó bá fi sáyé lọ. Ṣùgbọ́n àdéhùn wà níbẹ̀. Onítọ̀hún gbọ́dọ̀ dé àṣíborí, hẹ́límẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa mọ̀, àṣíborí ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ pé, kí okùn rẹ̀ di àgbọ̀n mú dáadáa. Èmi kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ okùn wà níbẹ̀. Mo rò pé kó ṣáà ti wà lórí.

Àlòkù ni àṣíborí tí wọ́n fún un. Ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìdè tó yẹ kó máa há okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n ti kán, bàbá Tóyìn sì fi han ọ̀gá. Ọ̀gá ní òun máa ra tuntun bí ọjà bá yá. Ẹ mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí tuntun kò dé, bàbá Tóyìn gé rọ́bà túúbù táyà, ó fi so okùn náà pọ̀ bí àwọn ọlọ́kadà ṣe ń fi í so ohun gbogbo. Kò wá so ó le. Ó jẹ́ kí ó dẹ̀, kí ó lè máa fi ọwọ́ kan ṣí àṣíborí lórí láìtú okùn.

Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀, Ìyá. Láti kékeré lẹ ti ń sọ fún un pé ọmọkùnrin tí kò bá ṣí fìlà kí àgbà, ilé tí wọ́n ti bí i ló ń bú. Ìlú tó sì wá ṣiṣẹ́ sí yìí, ìlú ìkíni ni. Àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn ìyá ìjọ, irú wọn ló ń gbé ẹrù fún jù. Bó bá ti dé ẹnu ọ̀nà, kí ọ̀kadà tó kú tán, àṣíborí á ti wà lábíyá, òun náà á ti dọ̀bálẹ̀. Ìyá onílé wa, tí ń pe ilé ní ulé, tí ń pe igbá ní ugbá, máa ń sọ pé nínú gbogbo àwọn ọlọ́kadà tí ń sáré kọjá níwájú òun, ọkọ mi nìkan ló mọ̀ pé èèyàn lòun. Inú mi a máa dùn. Màá máa rìn bí ìyàwó olóyè.

Lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, ó gbé ẹrù lọ fún bàbá kan ní Ìyìn-Èkìtì. Bàbá náà sọ fún mi níbi ìsìnkú pé ó ṣí àṣíborí, ó dọ̀bálẹ̀, òun gbàdúrà fún un, ó tún àṣíborí dé, ó sì lọ. Kò tíì lọ jìnnà tí takisí kan tó ń yà fún kòtò fi gbá a. Àṣíborí ti fò kúrò kí ó tó balẹ̀, ó yí lọ sínú koríko. Orí ọmọ yín ló gbá ẹnu gọ́tà. Dókítà ní kò jẹ̀rora. Mo gbà á gbọ́ nítorí pé mo fẹ́ gbà á gbọ́.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé àṣíborí náà wá fún mi. Kò fọ́, kò tẹ̀, kò tilẹ̀ bó. Mo fọ̀ ọ́, mo fi òrí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa ra á títí ó fi ń dán, mo sì gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tí ọkùnrin kan fi wá láti ọ̀dọ̀ àwọn oníìnṣọ́ránsì.

Kì í ṣe èèyàn búburú, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó kí mi kú ọ̀fọ̀, ó fún Tóyìn ní bisikíìtì. Ó bèèrè bóyá bàbá Tóyìn máa ń dé àṣíborí. Mo ní kò sí ọjọ́ tí kò dé e, mo sì sáré lọ gbé e. Mo rò pé ẹ̀rí ni mo gbé wá. Mo ní yóò rí i pé ọkọ mi mọ nǹkan oníǹkan tọ́jú, pé ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ rẹ̀ kò bàjẹ́. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ki ìka bọ inú rọ́bà náà, ó bèèrè bóyá bó ṣe wà lọ́jọ́ náà nìyí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá bèèrè ìdí tó fi dẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá, ẹnu mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yin òkú ọkọ mi. Mo sọ bó ṣe ń kí àgbà. Mo sọ pé ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ, pé ilé rere ló ti wá. Mo gbé àṣíborí náà lé orí ara mi, mo fi ọwọ́ kan ṣí i kúrò, kí ó lè rí bó ṣe máa ń yá a lára. Mo ń sunkún, mo tún ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ ní kí n dákẹ́ ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà á láyè. Gbogbo ohun tí mo sọ ló kọ sílẹ̀.

Èsì dé pé wọn kò ní san. Wọ́n ní àṣíborí tí kò di orí mú kò yàtọ̀ sí èyí tí èèyàn gbàgbé sílé. Wọ́n ní bí ó bá wà lórí rẹ̀ nígbà tó ṣubú ni, òun ni ì bá fọ́. Àìfọ́ tí mo fi ń yangàn, òun gan-an ló jẹ́rìí takò wá. Ọ̀gá rẹ̀ náà fọwọ́ nu ẹnu, ó ní odindi lòun fún un, pé òun kọ́ lòun so rọ́bà mọ́ ọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ òtítọ́, àmọ́ wọ́n ní ọmọ nílé, iṣẹ́ náà ni wọ́n sì ń jẹ. Ọ̀kan nínú wọn pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní kí ló dé tí n kò sọ pé àṣíborí ti fọ́ túútúú, pé a ti dà á nù. Mo bínú sí i. Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín, Ìyá: ká ní mo mọ ohun tí ẹnu mi ń ṣe lọ́jọ́ yẹn ni, bóyá ǹ bá purọ́. Agbẹjọ́rò kan nínú ìjọ wa ní a lè bá ọ̀gá náà ṣẹjọ́, nítorí ọrùn rẹ̀ ló wà láti fún wọn ní àṣíborí tó pé. Ó ní yóò pẹ́. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ lè máa bèèrè ohun tí mo wá ń jẹ. Gàrí ni mo ń yan ní Ìyìn, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Èéfín ń jẹ ojú mi, ọyẹ́ ń la ètè mi. Ọyẹ́ ibí a máa ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀ bọ́ sára èèyàn láàárọ̀ kùtù. Bí mo bá ń lọ, bí mo bá ń bọ̀, mo ń kọjá níbi gọ́tà yẹn. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń dijú. Ní báyìí mo ń wò ó. Ìyá onílé kò tíì sọ̀rọ̀ owó ilé sí mi, àmọ́ ó ti ń kí mi ní ìdákúrekú, mo sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àwọn obìnrin tí a jọ ń yan gàrí kò burú sí mi. Bí mo bá ti la ẹnu ni wọ́n ń mọ̀ pé n kì í ṣe ará ibí, wọn a fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, èmi náà a fi tiwọn ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ bí bàbá Tóyìn ṣe rí nígbà tó wà ní kékeré. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí àárò rẹ̀ bá sọ mí, ẹ̀yin ni mo máa ń pè, fóònù a dún títí a fi dákẹ́.

Èyí tó mú mi kọ̀wé ni pé ẹnì kan ti gbé ohùn Adúmáadán sétí Tóyìn. Ó ti ilé-ìwé dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò bọ́ àpò lẹ́yìn, ó bi mí pé ṣé òótọ́ ni pé mo jẹ owó bàbá òun. Ọmọ ọdún méje. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, Ìyá. Ẹ̀yin ni àgbà wa, ẹ wà lórí Wásáàpù yẹn, ẹ sì gbọ́ ọ.

Nítorí náà, Tóyìn kò ní wá sí Ṣakí ní ìsinmi yìí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni mo sọ. Ẹ̀jẹ̀ yín ni, ilé yín sì ni ilé bàbá rẹ̀, n kò jẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n n kò lè fi ọwọ́ ara mi rán ọmọ mi lọ síbi tí wọn yóò ti kọ́ ọ pé olè ni ìyá tó bí i. Ẹ̀yin ni kí ẹ wá. Ẹ wọkọ̀ wá sí Adó, ẹ wá wo yàrá tí à ń gbé, ẹ tú gbogbo àpótí mi. Ẹ jókòó ti ọmọ yín, kí ẹ sọ ìtàn bàbá rẹ̀ fún un. Bí ẹ bá wò ó tán tí ẹ ṣì ní mo jẹ owó, kí ẹ sọ ọ́ lójú mi.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Kò ní jẹ́ kí ẹ tún fi ojú sunkún ọmọ. Ẹsẹ̀ Bàbá yóò yá, òwò òrí yín yóò tà. Tóyìn ní kí n kí yín, ó ní eyín òun iwájú ti yọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti èyí tó bú mi àti èyí tó dákẹ́.

Mo gbọ́ pé Adúmáadán ti ra ọ̀kadà. Kò sí ohun tó sọ sí mi tí yóò mú mi fẹ́ kí irú èyí ṣe é. Ẹ ní kó ra àṣíborí tí ìdè rẹ̀ pé, kó há okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n dáadáa. Bó bá sì pàdé yín lójú ọ̀nà, Ìyá, ẹ má jẹ́ kó ṣí i. Ẹ jẹ́ kó wà lórí ọ̀kadà, kó bo orí rẹ̀ kí yín bẹ́ẹ̀. Ẹ dá ìkíni rẹ̀ lóhùn.

Èmi ni ọmọ yín,
Mojísọ́lá, ìyá Tóyìn.